Omi Tó Mọ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2/11/2024

Ẹyin mẹ́rin láàárọ̀. Lọ́yà kò yé. Ó kàn dúró lórí ẹyin tí Màdáámù yé, ó ń pariwo bíi pé òun ló ni ín. Mo mọ àwọn kan níbi iṣẹ́ tí wọ́n jọ ọ́.

Baba Ayọ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní tí a bá ṣírò oúnjẹ adìyẹ, ẹyin kan ń ná wa ní ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Gbénró ọkọ mi, mẹ́káníìkì tí kò mọ iye tí kóńgò gàrí kan jẹ́. Èmi tí mo ti ń wọn ìyẹ̀fun nílé iṣẹ́ bísíkíìtì ní Oregun láti ọdún mọ́kànlá ló fẹ́ kọ́ ní ìṣirò. Mo ti ṣe ìṣirò náà kó tó ṣe é. Mo fa ìwé tí mo kọ ọ́ sí ya. Adìyẹ márùn-ún kì í ṣe òwò.

Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ṣí géètì báyìí, àwọn márààrún á na apá, wọ́n á sáré wá pàdé mi. Sísí á jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, kò ní dìde. Kò sí ẹlòmíràn tó ń sáré pàdé mi nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5/11

Lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìyẹ, ti dé òpópónà kejì. Adìyẹ méjìlá ilé Alhaji Àjíṣọlá, ọjọ́ mẹ́ta péré, gbogbo wọn ti kú. Wọ́n ní ọrùn wọn wọ́, wọ́n ń yí po lójú kan. Ọkùnrin tó ní ilé mẹ́ta, kò ra àjẹsára fún adìyẹ. Ilé kẹrin ló fẹ́ kọ́, àbí.

Ọjọ́bọ̀, 7/11

Ẹyin márùn-ún. Lọ́yà pàápàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9/11

Mo lọ ra àjẹsára ní Abúlé Ẹ̀gbá, lọ́dọ̀ Lukman tó ń ta oògùn adìyẹ. Ó gbé kóòtù funfun kọ́ ọrùn, ó ní kí a máa pe òun ní Dókítà. Ìgò tó kéré jù, ti ọgọ́rùn-ún adìyẹ ni. Ta ló ní ọgọ́rùn-ún? Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi bá Aṣọ Funfun dá owó jọ. Ìyá Damaris nìyẹn, yàrá kẹta nínú ilé wa, obìnrin tó ń wọ sùtánà lọ ra iyọ̀. Adìyẹ mẹ́rin ló ní, gọ́tà ni wọ́n ti ń jẹun. Ó san ìdajì láì dúnàá dúrà. Ó ju èmi lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń nájà.

Dókítà ní kí n gbé e sínú yìnyín délé, kí n má fún wọn lómi fún wákàtí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí n wá fi omi tó mọ́ pò ó fún wọn mu. "Omi tó mọ́ o, màámi. Ẹ gbọ́ mi o." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bíi pé etí mi di.

Mo pọn omi ẹ̀rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo da ìdérí kan egbògi apakòkòrò inú omi sí i, bí mo ṣe ń ṣe sí omi tí àwa fúnra wa ń mu. Mo dúró kó ṣiṣẹ́. Aṣọ Funfun gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ jáde. Omi òjò. Ó ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn láti oṣù kẹsàn-án.

Ó ní, "Ìyá Ayọ̀, ẹ jẹ́ n bù fún yín. Wọ́n ti gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Tèmi ti tó." Mo wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Tó bá yá, àwọn adìyẹ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ríran.

A pín àjẹsára náà sí méjì, kálukú pò ó mọ́ omi tirẹ̀. Àwọn adìyẹ mi mu ún gbẹ. Gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 18/11

Ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n dùbúlẹ̀ bí ìyàwó olówó. Adìyẹ ń kú káàkiri àdúgbò. Tèmi ń wẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26/11

Súúrù kò jáde wá pàdé mi. Ó ń tòògbé ní kọ̀rọ̀, apá rẹ̀ wọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi ewédú.

Oorun ni. Ó ti gba àjẹsára.

Ọjọ́rú, 27/11

Súúrù kú. Baba Ayọ̀ ló sin ín, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ògbà. Mo retí kó sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Kò sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 28/11

Ọrùn Sísí ti wọ́. Ó ń wo ọ̀run, ó ń yí po. Màdáámù ń mí bí ẹni tó gun òkè.

Àwọn olùkọ́ adìyẹ ti dé. Obìnrin ilé kejì ní kí n fún wọn ní ata àti ògógóró. Adìyẹ ń kú lọ, wọ́n fẹ́ kó mutí yó kó tó lọ. Baálé àgbàlá wa ní kí n tètè pa wọ́n kí ẹran má baà ṣòfò. Ó ti ń wo ẹsẹ̀ Màdáámù.

Adìyẹ mẹ́rin Aṣọ Funfun ń tú ilẹ̀ kiri. Kò sí èyí tó sín. Mo wò wọ́n títí. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní àwọn adìyẹ gọ́tà rẹ̀ ló kó àrùn wọlé fún mi. Mo ní ẹni tí kò lè so ohun ọ̀sìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má sìn. Mo ní tí Sísí bá kú, òun ló pa á. Damaris dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Ayọ̀. N ò mọ̀."

Kò mọ̀ lóòótọ́. Kí ló mọ̀ rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 29/11

Sísí, láàárọ̀. Lórí ẹsẹ̀ mi.
Màdáámù, kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30/11

Mo gbé òfìfo ìgò lọ bá Lukman. Mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Àwọn oníbàárà yí wa ká, ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Omi wo lẹ fi pò ó?"
"Omi tó mọ́. Mo fi egbògi apakòkòrò sí i."
Ó gbé ìgò náà sílẹ̀. "Màámi, kí lẹ rò pé ó wà nínú àjẹsára yìí? Kòkòrò lúkúlúkú náà ni, èyí tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà láàyè kó tó wúlò. Ẹ pa á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wá bu omi lásán fún adìyẹ."
"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní omi tó mọ́?"
"Mo ní kó mọ́. N ò ní kí ẹ fọ̀ ọ́."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ da àpò oúnjẹ adìyẹ nù.
Mo ní, "Omi òjò ńkọ́?"
"Ìyẹn gan-an ló dára jù."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà tó jìn. N kò wọ mọ́tò. Kì í ṣe torí owó.

Nígbà tí mo ṣí géètì, Lọ́yà àti Akọ̀wé, àwọn méjì tó kù, sáré wá. Àgbàlá dákẹ́ jù. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kànga, mo wo ìdí gọ́tà. Ìyẹ́ wà nínú abọ́ omi gbígbóná lẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹta.

Ìyá Damaris ti pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fúnra wọn gbé abọ́ ẹran wá bá mi, wọ́n fi aṣọ bò ó. Wọ́n ní láti Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi kò ti kúrò lọ́kàn àwọn, pé àwọn kò fẹ́ kí méjì tó kù fún mi tún kú nítorí tàwọn. Wọ́n ní Damaris sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun.

Mo lanu. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ tó. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo tọ́ ọ wò. Mo ní iyọ̀ tó.