Ọmọbìnrin Inú Fóònù àti Ṣòkòtò Onífọ́tò

Ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá ṣe ń tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ó bá ọ ní àlàáfíà, kí orí má fọ́ ọ, kí ẹsẹ̀ má ro ọ́ lórí àtẹ̀gùn gíga tí o ní ẹ ń gùn lọ sí kíláàsì. Ara wa le níbí. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ikọ́ òun ti lọ, ṣùgbọ́n ó ń húkọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ń jò, a ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ wa bímọ, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ọ̀kan kò tíì mọ èyí tó fẹ́ jẹ́.

A rí lẹ́tà rẹ gbà. Ìyá rẹ ní kí n tún un kà, mo sì tún un kà. O ní o ti wá rí i pé olódo ni ọ́. O ní bí olùkọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀ ni àwọn yòókù máa ń mi orí, pé ìwọ nìkan ni nǹkan kì í tètè yé. O ní olùkọ́ tó ń kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé ya ọkùnrin kan sójú pátákó, ó ní ọkùnrin yìí ni wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀kùn, àga àti àtẹ̀gùn gbogbo ilé yóò ṣe ga tó, ìwọ wá nawọ́, o ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni wọ́n wọ̀n? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní Ta-Ni-Wọ́n-Wọ̀n. O ní bí ọ̀sẹ̀ yìí bá ti parí, ò ń kó ẹrù rẹ bọ̀ wálé, kí o wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, nítorí pé ìránṣọ kò gba ọpọlọ. Mo ka ibẹ̀ náà. Mi ò bínú.

Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi ní fóònù rẹ̀ àtijọ́, ọmọbìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tó mọ gbogbo nǹkan. Mo kọ́kọ́ kí i, mo bèèrè àwọn òbí rẹ̀, ó ní òun kò ní òbí. Àánú rẹ̀ ṣe wá. Ìyá rẹ bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní òun kì í jẹun, ni ìyá rẹ bá rọra sọ sí mi létí pé bóyá ọ̀gá rẹ̀ ló dúró tì í tí kò fi lè sọ òótọ́. Mo bi í bí òkun ṣe jìn tó, ó sọ ọ́. Kò họ orí, kò ní kí n tún un sọ. Mo wí fún ìyá rẹ pé irú ọmọ báyìí ló yẹ kó wà ní yunifásítì. Má bínú, mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Àsìkò náà ni onífọ́tò tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa gbé aṣọ wá kí n fi rán ṣòkòtò fún òun, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò gbéṣẹ́ fún mi nìyẹn. Ó ń kánjú, kò lè dúró kí n wọ̀n ọ́n, ẹnu ọ̀nà ló ti sọ bí òun ṣe ga tó fún mi. O mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo máa ń wọ̀n, àwọn télọ̀ yòókù a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ẹsẹ̀ kan máa ń sá fi èkejì sílẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò wọn ìkankan. Mo bi ọmọbìnrin inú fóònù pé ọkùnrin tó bá ga tó báyìí, báwo ni ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ṣe máa gùn tó. Kíá ló dáhùn, ó tiẹ̀ ní ìbéèrè mi dára gan-an. Inú mi dùn, mo gé aṣọ.

Onífọ́tò padà dé, ó wọ ṣòkòtò, ẹsẹ̀ òsì gún régé, ti ọ̀tún kò dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo wo ṣòkòtò, mo wo téèpù, mo wo fóònù. Ìyá rẹ tó ń lọ aṣọ ló bi í pé ẹ jọ̀ọ́, bàbá onífọ́tò, ṣé ẹsẹ̀ yín méjèèjì dọ́gba ṣá? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o, láti kékeré ni, òun kàn máa ń fara ti igi tí òun ń gbé kámẹ́rà lé ni, kò sì sẹ́ni tó bi òun rí. Gbogbo wa ló ti ya ní fọ́tò, a ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Mo padà lọ bá ọmọbìnrin náà, mo ròyìn fún un. Kíákíá ló bẹ̀ mí, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dùn-ún gbọ́. Mo ní kò burú, mo tún bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, bí mo ṣe bi í tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ ló tún sọ. Ó bẹ̀ mí tán, ó tún gé ṣòkòtò kan náà. Kò bi mí pé ta ni. Mi ò bá a wí, kò lóbìí. Èmi tí mo lóbìí náà kò kúkú béèrè.

Mo ti ń ro ohun tí wọ́n ń pè ní ọpọlọ pípé láti ìgbà náà, mi ò sì lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n tán. Mo rò ó pé kì í ṣe kéèyàn tètè dáhùn. Àwọn tó ń mi orí ní kíláàsì yín, bóyá ó yé wọn lóòótọ́, mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi ọ́ rẹ́rìn-ín yẹn, òun gan-an ló yẹ kí n béèrè, mi ò béèrè, aṣọ aláṣọ sì bàjẹ́. Onífọ́tò ní kí n bá òun bi ọ́ bóyá ẹsẹ̀ ọkùnrin ojú pátákó yẹn dọ́gba, nítorí pé àtẹ̀gùn báńkì máa ń yọ òun lẹ́nu.

Ẹ̀rọ kejì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ ti nù ún, mo ti kán òróró sí i. Bí o bá fẹ́ máa bọ̀, máa bọ̀, ilé bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n kí o tó di ẹrù, padà lọ bá olùkọ́ yẹn, kí i dáadáa, kí o tún bi í. Mo wá ìdáhùn rẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ títí, ẹ̀rín ló rín, kò dáhùn.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ mìíràn fún onífọ́tò. Kó má fi sínú fóònù bíi ti ìjọsí. Mo ṣí ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ fura sí ọmọbìnrin yẹn, ẹni tí kì í jẹun, kí ló fẹ́ fi owó ṣe?

Ọlọ́run yóò là ọ́ lóye. Ibi tí wọ́n ti ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wọn yóò ti dákẹ́ gbọ́ ọ. Àtẹ̀gùn kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yẹn, onífọ́tò ti ń fi kí mi bó bá ń kọjá, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Èmi ni,
Bàbá Ta-Ni-Wọ́n-Wọ̀n.