Títì Ọlọ́dà Inú Yàrá Wa

Abúlé Ìdí-Àgbálùmọ̀,
Lẹ́bàá Agbówà.

Tìmílẹ́hìn Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí lọ́hùn-ún ní Agric nígboro? Ṣé omi ò wọ ilé yín? Ṣé o ń jẹun, àbí búrẹ́dì gbígbẹ náà lo ṣì ń fi tan ara rẹ jẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú ọ̀sà yóò máa ṣọ́ ọ láàárín àwọn ọlọ́kadà, ẹni tó bá sì fẹ́ já kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ rẹ, ibi tó ń lọ ni yóò gbàgbé. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń dùn mí bí òjò bá ṣú, àti Alága Bádéjọ tí kì í kí mi mọ́. Gbogbo abúlé ló ń sọ pé èmi ni mo ba ayé rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ mo fi Ọlọ́run búra, ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn, mo sì tún fi inú rere kún un.

Kọ̀ǹpútà rẹ ló fa gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí o gbé e wá, o ní àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Agric ń fi í wo bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń fi ta géèmù, pé kó wà nílé lọ́dọ̀ èmi àti Fọláwùmí àbúrò rẹ, kí Fọláwùmí máa fi bá ọ tún fọ́tò àwọn oníyàwó ṣe. O ní iṣẹ́ fọ́tò nìkan ló wà fún, pé o ti dẹ́díkéètì rẹ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó tún dùn mí pé o ṣe dẹdikéṣọ̀n láìpe ìyá tó bí ọ. Mo wá rò ó pé pásítọ̀ ìgboro ló ṣe é, kánjúkánjú sì ni àwọn yẹn máa ń ṣe tiwọn. Bí o ṣe lọ tán báyìí, mo ránṣẹ́ pe Pásítọ̀ Nathaniel kó wá tún un ṣe bó ṣe yẹ. Pásítọ̀ gbé òróró dé, ó ní kí Fọláwùmí ṣí orí kọ̀ǹpútà kí òun dà á sí i. Fọláwùmí figbe ta, ó fi àyà bò ó mọ́lẹ̀ bí adìyẹ tó rí àṣá. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, a wá gbà pé kí Pásítọ̀ fi òróró náà pa ẹsẹ̀ tábìlì. Pásítọ̀ ní tábìlì ti di mímọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó jẹ ìrẹsì tí mo sè, ó bu ti ilé dání, ó sì lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Fọláwùmí bẹ̀rẹ̀ àwọn nǹkan tí o kọ́ ọ. Yàrá tí bàbá yín ń sùn tẹ́lẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ó kun gbogbo ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó so aṣọ dúdú mọ́ fèrèsé. Ó ní bí ògiri bá ní àwọ̀ tó ń tàn, yóò máa tan ojú ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe. Kúlúsúmù ará ọ̀kánkán ilé wa yọjú wo ibẹ̀, ó rí eérú, ó rí dúdú, ló bá káwọ́ lérí, ó ní ta ló tún kú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn ti ń wọlé wá kí mi kú ara fẹ́ra kù. Mi ò lè ní kí wọ́n máa gbé mílíìkì tí wọ́n mú wá padà, èèyàn kì í tàbùkù ọ̀fọ̀ ẹni. A ṣì ń mu ún.

Èmi náà, mi ò gbọdọ̀ wọ bùbá pupa mi wọ ibẹ̀ mọ́. Fọláwùmí ní pupa rẹ̀ ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ ojú ìyàwó di pupa. Ìyàwó tí mi ò mọ̀ rí! Ó tún ní nǹkan kan bí aláǹtakùn tó máa ń gbé kọ́ ojú kọ̀ǹpútà, tí àwọ̀ oríṣiríṣi yóò sì máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ń wò ó bóyá pupa tó ń rí ni pupa lóòótọ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí báyìí ni ojú bàbá yín ṣe bẹ̀rẹ̀ kó tó di pé ó ń kí ewúrẹ́ ẹ káàárọ̀. Bó bá máa wọ dígí, ká tètè mọ̀. Àpótí wúwo tó wà lábẹ́ tábìlì, tó máa ń ké kíún-kíún bí iná bá ti lọ, èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo máa ń sọ fún un pé kó má sunkún mọ́, àwa tá a dàgbà jù ú lọ náà, bí wọ́n ṣe ń mú iná lọ mọ́ wa lójú nìyẹn. Fọláwùmí tún wá ní kí ẹnikẹ́ni má ki nǹkan bọ kọ̀ǹpútà lára nítorí fáírọ́ọ̀sì. Mo se ewé dogoyaro, mo gbé ìkòkò rẹ̀ sábẹ́ tábìlì kí ooru rẹ̀ lè máa fẹ́ sí i. Omijé ló fi gbé ìkòkò náà jáde. Ọmọ yìí ò mọ ìtọ́jú aláìsàn rárá.

Nígbà tó yá, òkìkí kàn. Fọláwùmí mú àpá kúrò lójú Ìbráhìm aránṣọ nínú fọ́tò, láti ọjọ́ náà ni Ìbráhìm sì ti ń rìn bí ẹni tí kò ní àpá. Ìgbà náà ni Alága Bádéjọ dé, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ abúlé tó wà nígboro ń kó owó ọ̀nà wa fún. Ó wọ funfun nigínnigín. Ó fi fọ́tò ọ̀nà wa hàn lórí fóònù, pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti ewúrẹ́ kan tó dúró láàárín rẹ̀, ó ní kí Fọláwùmí bá òun da ọ̀dà sí i, kó la gọ́tà sí ọ̀tún àti òsì, kó fa ìlà funfun sí àárín. Fọláwùmí bi í pé kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, sà. Ó ní ìran ni, pé níbi tí ìran ò bá sí, àwọn èèyàn a ṣègbé. Mo ṣe àmín.

Tìmílẹ́hìn, nígbà tí Fọláwùmí pè mí wá wò ó, ńṣe ni mo kúnlẹ̀. Ọ̀nà wa ń dán bí àwo tanganran. Ewúrẹ́ yẹn gan-an, orí ọ̀dà ló dúró sí, ó wá dà bí ẹni tó ní ilé l'Ékòó. Mo ní ìgbà wo ni yóò jáde. Fọláwùmí ní Mọ́mì, inú fọ́tò ló wà. Mo ní mo ti gbọ́, ìgbà wo ni yóò jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbá iwájú ilé dé etí ọ̀nà, kí ọ̀dà má baà bá ìdọ̀tí. Ẹrẹ̀ ni mo bá. Mo ní kò burú, búrẹ́dì pàápàá, ó níye ìgbà tó fi ń wú.

Àṣé Bádéjọ ti fi ìran náà ránṣẹ́ sí gbogbo yín lórí fóònù, ó kọ ọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí. Fọláwùmí fi ohun tí ìwọ alára kọ sábẹ́ rẹ̀ hàn mí. O ní ẹ ṣeun bàbá wa, ìlú wa ti dára, o wá to ọwọ́ àdúrà lọ bẹẹrẹ. Ìwọ tó ń fi fọ́tò jẹun! Mo ní kí Fọláwùmí bá mi fi aláǹtakùn yẹn ránṣẹ́ sí ọ, kí wọ́n gbé e kọ́ ojú tìrẹ náà. Àbúrò rẹ fẹ́ pè ọ́, àmọ́ Bádéjọ ní ọmọdé kì í pe àgbà lópùrọ́, pé katakata ti wà lọ́nà. Ọkàn ọmọ náà ò balẹ̀ mọ́, ó ń jẹun bí ẹni tó ń gbé òògùn mì.

Bádéjọ tẹ fọ́tò náà sórí pátákó gbàǹgbà, ó lẹ ojú ara rẹ̀ mọ́ ọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì rì í mọ́ ẹnu ọ̀nà abúlé, níbi tí kòtò ti jìn jù. Ibẹ̀ gan-an ni ọkadà tó gbé Mùlíkátù ọmọ Kúlúsúmù ti rì, nígbà tó ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn ní Agbówà. Òjò ń rọ̀. Àwa obìnrin sáré débẹ̀, a bọ́ ìró wa, a so ó mọ́ ẹsẹ̀ pátákó, a fi yí i ká. Abẹ́ títì ọlọ́dà yẹn ló bímọ sí, nínú ẹrẹ̀ tó dé wa lórúnkún. Ọmọ náà kò ké. Kúlúsúmù ń pe Ọlọ́run, èmi ń gbá ọmọ náà lẹ́yìn, ara rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ògiri yàrá wa. Mo gbójú sókè, Bádéjọ ló ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ọlọ́run ló yọ wá, ọmọ náà ké. Wọ́n sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Bádéjọ wá síbi ìsọmọlórúkọ, ó ní orí òun wú pé orí ọ̀nà òun ni wọ́n bí i sí.

Ọmọ náà ò tíì máa jókòó tí àwọn olórí ẹgbẹ́ ẹ̀yin ọmọ abúlé tó wà nígboro fi dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n mú rìbọ́ọ̀nù àti sísọ́ọ̀sì dání, wọ́n fẹ́ bá Bádéjọ ṣí ọ̀nà. Mọ́tò wọn rì sínú kòtò yẹn. Èmi ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lórí. Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ Adéyọ̀sí, èyí tó di ẹnjiníà, kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ẹ kú iṣẹ́ mà, pé àwọn ń wá títì tuntun ni, ó jọ pé àwọn ti ṣìnà. Mo ní ẹ ò ṣìnà, ọmọ mi, yàrá wa ló wà, ẹ bọ́ bàtà yín dání kí ẹ máa tẹ̀ lé mi.

Nígbà tá a délé, mo ní kí wọ́n fọ ẹsẹ̀, nítorí tábìlì ti di mímọ́. Mo ní kí ẹni tó wọ pupa nínú wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà. Fọláwùmí ṣí fọ́tò náà. Ọmọ tí o kọ́ pé kó má ba fọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ yà jẹ́ láé, o kọ́ ọ re, torí ẹrẹ̀ wa wà lábẹ́ ọ̀dà digbí. Ó tẹ nǹkan kan, ọ̀dà lọ, ẹrẹ̀ dé. Ó tún un tẹ̀, ẹrẹ̀ lọ, ọ̀dà dé. Moyọ̀sọ́rẹ ní kó tún un ṣe. Ewúrẹ́ yẹn nìkan ni kò kúrò lójú kan.

Bádéjọ sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ìran ni, ìran ni. Mo rí i pé àwọn ọmọ yìí ò gbà á gbọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bá gbè é. Mo ní òótọ́ ló ń sọ, ìran ló pè é fún wa, ẹ̀yin ló sọ fún pé ó ti parí. Ó wò mí báyìí. Moyọ̀sọ́rẹ ní níbo wá ni ọ̀dà tá a fowó rà wà. Mo tún gbè é. Mo ní ẹ lọ wo iwájú ilé tuntun rẹ̀ ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, mo fẹsẹ̀ mi tẹ ọ̀dà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣílé, ó mọ́lẹ̀ dáadáa, bóyá ti wa ló ṣì yà síbẹ̀. Bádéjọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwo ibi tó ń jókòó sí.

Wọ́n gbé e dé iwájú Baálẹ̀. Wọ́n ti ta ilé Ìbẹ̀ṣẹ̀ náà láti fi dá owó ọ̀nà padà, tipà sì ti ń da òkúta sí ọ̀nà wa, Moyọ̀sọ́rẹ fúnra rẹ̀ ló wọ bàtà òjò tó dúró tì wọ́n. Bádéjọ tún wá bẹ Fọláwùmí pé kó yọ ojú òun kúrò nínú fọ́tò pátákó, kí òun lẹ òmíràn. Fọláwùmí ní sà, iṣẹ́ fọ́tò nìkan ni kọ̀ǹpútà yìí wà fún, kì í fọ èèyàn mọ́. Nígbà tí Bádéjọ lọ tán, Fọláwùmí fi orí lé itan mi, ó sunkún, ó ní òun náà lọ́wọ́ nínú ẹrẹ̀ tí Mùlíkátù bímọ sí. Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún Mùlíkátù fúnra rẹ̀. Ó lọ. Wọ́n jọ gbé Abíọ́nà ṣeré títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Fọláwùmí ní kọ̀ǹpútà yìí ń falẹ̀, pé ràámù rẹ̀ ló kéré, a gbọ́dọ̀ fi kún un. Èmi náà gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, mo mọ̀ pé àgbò ni. Mi ò bi í léèrè ẹni tó kọ́kọ́ fún un lágbò, ẹ̀sìn yín ni. Mo ti bá Alhaji Làtífù sọ̀rọ̀, ó ti bá mi so ọ̀kan tó sanra, tí ìwo rẹ̀ ká, mọ́lẹ̀. Jọ̀ọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kíá, kó tó tà á fún ẹlòmíràn. Má jẹ́ kí Pásítọ̀ gbọ́.

Ọmọ mi, ohun tó dára nínú ayé rẹ kò ní mọ sínú fọ́tò. Ojú kì yóò ríran fún ọ kí ọwọ́ má tó o. Ibi tí ẹlòmíràn ti ń rì, ilẹ̀ yóò le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bí wọ́n bá sì tún fi nǹkan tó ń dán hàn ọ́ lórí fóònù, kó o tó gbé ọwọ́ àdúrà sókè, kọ́kọ́ pe ìyá rẹ.

Èmi ni,
Ìyá Tìmílẹ́hìn.