Wọ́n Ní Mi Ò Kì Í Dìde Lórí Àga

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Èmi baba rẹ, ẹni tó ń mọ ọ̀ọ́dúnrún búlọ́ọ̀kù kí oòrùn tó yọ, tó ń fi ọwọ́ kan gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì, tí ṣọ́bìrì mẹ́rin ti kán mọ́ lọ́wọ́ lọ́dún yìí nìkan, èmi ni mo ń kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé yàrá tí o ń gbé ò jò mọ́? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ́ nígboro. Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ á máa fojú rere wò ọ́, àwọn tó ń wá ìjà á máa ṣì ọ́ mọ́ ẹlòmíì. Tí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, ìyá rẹ ń bẹ, àwọn àbúrò rẹ ń bẹ, òrùlé ń bẹ lórí ilé. Èmi náà ń bẹ, àmọ́ inú ń bí mi. Inú tó ń bí mi yìí, bí wọ́n bá gbé ìkòkò omi lé mi lórí, á hó.

Wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́. Lóṣù tó kọjá, àwọn olùwádìí kan wá láti yunifásítì sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí eré ìdárayá, lórí bí àwa àgbàlagbà ṣe ń lo ara wa àti bí ara náà ṣe le tó. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló fi orúkọ mi sílẹ̀, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára tó mi. Orí mi wú. Mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí o rà fún mi, mo lọ.

Ọmọbìnrin kan ló gbà mí lálejò. Bàtà-Funfun là ń pè é, torí bó ti wù kí eruku pọ̀ tó, kì í bà lé bàtà rẹ̀. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi tó gùn ju àkàbà lọ. Fọ́ọ̀mù yẹn ní mo lè kúrò nínú ìwádìí náà nígbà tó bá wù mí, pé mi ò ní láti sọ ìdí rẹ̀. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé mo máa ń sá kúrò níbi tí mo bá ti fọwọ́ sí. Ó tún ní wọn ò ní kọ orúkọ mi síbì kankan, wọ́n á fi í pamọ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dùn mí. Kí ni mo jí? Orúkọ tí baba mi sọ mí, tí mo ti ń jẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Mo ní ó kéré tán, kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kìíní. Ó ní ti télọ̀ àdúgbò wa nìyẹn, torí òun ló kọ́kọ́ dé.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò mí. Ó ní ọjọ́ mélòó ni mo fi ń ṣeré ìdárayá láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ní èmi, baba ọmọ mẹ́rin, tí mo ti ní àna, ṣé ojú mi jọ ti ẹni tó ń ṣeré? Ó kọ òdo. Ó ní báwo ni mo ṣe máa ń jókòó pẹ́ tó lójúmọ́. Mo ní ìyẹn kù sọ́wọ́ àlejò, pé bí èèyàn bá wá kí mi, mi ò ní dìde títí á fi lọ, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Ó kọ ìyẹn náà. Ó wá fi àwòrán ojú márùn-ún hàn mí, èkíní ń sunkún, ìkarùn-ún ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rìn ní gìgísẹ̀, ó ní kí n mú èyí tó jọ bí ayé ṣe rí lára mi. Mo mú ìkẹta, torí mi ò kì í ṣe agbéraga. Ló bá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé kí àwọn wá ẹnì kan tí mo lè máa bá sọ̀rọ̀. Mo ní láti àárọ̀ ni mo ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọ̀fun ló ń dùn mí.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ló so aago kan mọ́ mi lọ́wọ́. Aago tí kò ní ojú, tí kò ní ọwọ́, tí kò lè sọ pé aago méjì ti lù. Ó ní á máa ka ìrìn mi fún ọjọ́ méje, pé kí n máa wọ̀ ọ́, kí n sì tọ́jú ẹ̀ dáadáa torí owó gidi ni wọ́n fi rà á. Ìwọ náà mọ̀ mí. Ṣé èmi ni màá wá gbé nǹkan olówó ńlá tí wọ́n yá mi, kí n tì í bọ inú sìmẹ́ǹtì? Láràárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan yanrìn, mo máa ń bọ́ ọ, mo máa ń nù ún, mo máa ń fi aṣọ funfun wé e, mo máa ń gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìyá mi. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo wẹ̀ tán, tí mo jókòó sórí àga mi níta, ìgbà yẹn ni mo máa ń so ó, kí ó lè rí mi nígbà tí mo mọ́. Mo sì máa ń jábọ̀ fún un. Mo máa ń gbé e súnmọ́ ẹnu, kí n sọ iye búlọ́ọ̀kù àti iye ìgbà tí mo fi bárò kó yanrìn, torí nígbà tí o wálé kẹ́yìn, mo rí i pé ò ń bá aago ọwọ́ rẹ sọ̀rọ̀, òun náà ń fèsì. Tèmi ò fèsì. Mo rò pé onítìjú ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èsì dé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ, wọn ò kọ orúkọ, àmọ́ ta ni ò mọ nọ́ńbà ẹnì kejì rẹ̀ níbí? Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ló gbẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹni yìí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí àga, pé igba ìṣísẹ̀ péré ló ń rìn lójúmọ́, pé kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí pápá ilé ìwé ká láràárọ̀. Igba. Láti orí bẹ́ẹ̀dì mi dé ilé ìtọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló wá gba ipò kìíní? Télọ̀. Télọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti gbẹ́ kòtò sára àpótí ìjókòó. Ó ní aago náà ń fún òun lọ́wọ́, ló bá so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn náà ló sì fi ń tẹ máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ìṣísẹ̀ lójúmọ́, kò sì jáde lábẹ́ òrùlé. Bàtà-Funfun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kí gbogbo wa máa wo àwòkọ́ṣe rẹ̀.

Báyìí, mi ò lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mọ́. Á dá máṣíìnì dúró, á ní Alága, ẹ rọra o, igba tòní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù tí ẹ máa fi délé. Mo sọ fún un pé òun nìkan ni mo mọ̀ tó sáré ìje látàárọ̀ tó ṣì wà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ló fi mí rín, ó tún tẹ máṣíìnì lọ.

Ti télọ̀ ì bá ṣì ṣeé gbé mì. Bíríkìlà tó fẹ́ mọ odi ilé ìwé, tó ti ní ọwọ́ mi lòun á ti ra gbogbo búlọ́ọ̀kù, òun náà ka ohun tó wà lára ògiri. Ó wá bá mi níbi iṣẹ́, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́, ó ní Bàbá, ẹ má bínú, ṣé agbára ṣì wà ṣá, torí òun ò fẹ́ kí n ṣubú sí òun lọ́rùn. Ó ní tí mi ò bá ní ìwé tó yàtọ̀ síyẹn títí di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, òun á lọ ra tàwọn tó ń fi ẹ̀rọ mọ ọ́n lójú títì. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, aago tí kò mọ àkókò ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo ṣàlàyé bí mo ṣe tọ́jú aago wọn, ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ó ní ẹ̀bi mi ni, pé aago ò lè ka ohun tí kò bá mi lọ. Ṣé o rí i, ká ní mo fi sìmẹ́ǹtì bà á jẹ́, ẹ̀bi mi náà ni. Ó ní kí ẹnì kan lọ sí ọ́fíìsì àwọn olùwádìí yẹn ní ìlú yín lọ́hùn-ún, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èsì nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ò pé. Ìwọ ni kó o lọ. Tètè lọ láàárọ̀, wọ bàtà tó dúró ire. Má bá wọn jà, àmọ́ má rẹ́rìn-ín sí wọn.

Tí o bá ń fi lẹ́tà wọn ránṣẹ́, fi owó díẹ̀ sí i, ti òróró ìpara àti ti ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá. Má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi òróró ṣe. Má sì gba báńkì fi í ránṣẹ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, mo mọ̀ pé owó tuntun lo máa ń ná, èyí tí wọ́n kó fún mi ti gbó, ó sì ti ya. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lójú.

Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Ọ̀nà rẹ á là. Ọmọ tìrẹ náà á gbọ́ tìrẹ bí o ṣe ń gbọ́ tèmi.

Èmi ni, baba rẹ.

Mo ti fẹ́ lẹ ẹnu ìwé yìí pa kí nǹkan kan tó sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n lè ní kò burú, kí n tún so aago náà, kí n wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Má gbà. Sọ pé mo rìnrìn àjò. Irọ́ ni ọ̀ọ́dúnrún búlọ́ọ̀kù tí mo kọ sókè yẹn, irọ́ ni ti àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ṣọ́bìrì mẹ́rin, ọ̀kan ni, ó sì ti là tẹ́lẹ̀. Àádọ́ta búlọ́ọ̀kù là ń mọ lóòjọ́ báyìí, ìyá rẹ ló ń mọ ogójì níbẹ̀, èmi á dojú bárò délẹ̀, màá jókòó lé e, màá máa bá a kà á. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn mí. Ó ti di oṣù mẹ́rin. Yàtọ̀ sí ìyá rẹ, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.