Ọ̀fọ̀ Kejì ní Ẹ̀gùá

                                        Ilé Adéjùmọ̀,
                                        Òkè-Ẹlá,
                                        Ìlárò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, 1978.

Oyèrónkẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Báwo ni Ìbàdàn, báwo ni ẹ̀kọ́ ìgbaradì fún yunifásítì? Ṣé ọ̀fìnkìn tó ń dà ọ́ láàmú ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ti ń ra gàrí tiwọn báyìí? Ara tiwa le, àfi iná mànàmáná tó ń yà wò wá bí àlejò. Èmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ tí mo kọ́ ní pólì. Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí n lọ wá ibi tí Nàìjíríà parí sí. Mo bá a lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ òpó ààlà rẹ̀.

Bàbá wa ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n gbọ́ pé fìlọ́sọ́fì ni yunifásítì fún ọ láti kà, wọ́n sì ní kí n bẹ̀ ọ́ kí o kọ̀ ọ́, kí o dúró de ẹ̀kọ́ òfin lọ́dún tó ń bọ̀. Kíá ni mo gbà, nítorí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé ẹni tó ka fìlọ́sọ́fì yóò kàn mọ ìdí tí ebi fi ń pa á ni. Mo fẹ́ béèrè ohun tí wàá kọ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó kọ ọ́, bàbá wa mú mi lọ sí Ẹ̀gùá, ẹ̀fẹ̀ náà kò sì ṣeé kọ mọ́.

O mọ Màmá Àṣìkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá wa. O mọ̀ pé inú yàrá ni wọ́n sin ọkọ wọn sí, àti pé láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí Màmá kì í kúnlẹ̀ kí sìmẹ́ńtì yẹn, kí wọ́n ròyìn ibi tí òjò dé àti ẹni tó bímọ. Wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá ti gbọ́," wọ́n á dìde lọ dáná.

Ọ̀jẹ̀túndé ọmọ wọn wá parí fìlọ́sọ́fì, ó sì dé sílé kí ó tó lọ sin ìlú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn Bàbá kẹ́yìn?"

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n o mọ bí a ṣe ń túfọ̀ nílé wa. A kì í já a lu ènìyàn pé ẹni rẹ̀ ti kú. Àgbà tó gbé ìròyìn náà wá á jókòó, á gba omi, á fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ìgbà tí ẹ gbọ́ ohùn onítọ̀hún kẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n bá bi bẹ́ẹ̀ kì í dáhùn, igbe ló máa ń ké. Bí wọ́n ṣe bi Màmá nìyẹn nígbà tí ọkọ wọn kú sí ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Ẹni tó tún wá ń bi wọ́n yìí sì ni ọmọ tí wọ́n rán lọ sí yunifásítì kó lè mọ gbogbo ohun tí àwa kò mọ̀. Màmá gbà pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ́hùn-ún, pé wọ́n rán ọmọ náà kó wá rọra sọ ọ́.

Bí ọkọ wọn ṣe kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Màmá tú irun, wọ́n wọ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní. Wọn kò jẹun, wọn kò sì wọ yàrá náà mọ́. Àwọn aládùúgbò kò mọ bí wọ́n ṣe máa kí wọn. Àlàájì Àúdù tó ń ta epo lódìkejì títì wá, ó jókòó pẹ́, ó ní ẹ kú ọ̀fọ̀, ó tún ní ẹ kú àtijọ́, ó bá lọ.

Nígbà tí a débẹ̀, èmi náà ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọmọ ilé ń gba ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má baà kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá yẹn. Tẹ́lẹ̀ rí, orí sìmẹ́ńtì náà ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ iléèwé, tí oorun ń gbé wọn lọ. Òkú tó ń gbọ́ kò bà wọ́n lẹ́rù. Èyí tí kò gbọ́ ni wọ́n ń sá fún.

Bàbá wa fa Ọ̀jẹ̀túndé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé bàbá òun ń gbọ́, kí obìnrin náà lè jẹun kó má baà kú. Wọ́n ní ṣé kò sí irọ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó kà ni. Ọmọ náà ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá, gbogbo wa ń retí irọ́ náà.

"Màmá," ó ní, "mi ò wá túfọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́."

"O ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Àwọn tó kọ́ ọ ńkọ́?"

"Àwọn náà ò mọ̀, Màmá. Wọ́n ń béèrè ni."

Màmá wò ó títí. "Gbogbo ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn yẹn," wọ́n ní, "kí wọ́n lè kọ́ ọ pé o ò mọ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n di ògiri mú wọ yàrá. A tẹ̀lé wọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí ọkọ wọn. "Bàbá Ọ̀jẹ̀, ọmọ yín ń béèrè bóyá ẹ ń gbọ́. Ó ní òun ò mọ̀." Wọ́n wá tẹ́tí. Ó pẹ́ débi pé mo fẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí wa.

"Bàbá ní àwọn náà ò tíì mọ̀."

Wọ́n bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé Jọ́gà, bàbá wa ní kí n ṣì kọ lẹ́tà náà, kí n kọ ohun tí mo bá rí.

Ohun tí mo rí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Èmi ti rò pé lọ́jọ́ ikú ni ìdánwò ń parí, tí èsì ń jáde. Ìbéèrè yẹn ti wọ ilé wa báyìí, kò sì ní lọ. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa mọ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀ láìpa ènìyàn. Gba ipò náà, àbúrò mi. Èmi á fara da bàbá wa.

Kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fún mi, àti Ìbíyẹmí tó ń yá ọ níwèé. Bí o bá dé fún ọlidé, kọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀gùá. Bí o bá sì ní ìbéèrè fún Màmá, má jókòó, má gba omi, má rọ ohùn sílẹ̀. Ké e sókè láti ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwọ náà ò tíì mọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń rò ọ́,
Olúgbénga.