Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Fún Fọláwùmí

Agbowó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1963.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ lórí ìwé. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà ní Ìkàrẹ́, kí orúnkún tí ń dùn yín ti fúyẹ́, kí ìrìn-àjò bọ́lẹ̀kájà ọjọ́ Sátidé má sì ti dá kún un. Èmi wà láàyè. Fọláwùmí, ìyàwó mi, wà láàyè, ọmọ náà sì ń mu ọmú. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ka ìyẹn, nítorí inú yín kò ní í dùn sí èyí tí ó kù.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí tí mo ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Bí mo bá kọ ìlà méjì, n óò dìde, n óò lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, n óò tún padà wá jókòó. Ìyá Sìlífátù, aládùúgbò wa tí ń bá mi fọ aṣọ ọmọ, ti bi mí léèrè bóyá ìjàlọ ló wà lórí àga mi.

Ìyá, mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n má ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára mi ní ọsibítù, wọ́n sì fà á sí Fọláwùmí lára.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó bímọ tán lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nígbà tí wọ́n fi rí i dá dúró, dókítà ní èyí tí ó ti dà lọ ti pọ̀ jù, pé irú tí ó bá ti Fọláwùmí mu ti tán níbi tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí, kí àwa ará ilé wá èèyàn. Olúṣẹ̀yẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń tún mọ́tò ṣe ní Mọ́kọ́lá, sáré dé tòun ti epo lọ́wọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò bá a mu. Wọ́n yẹ tèmi wò, ó bá a mu. Ìgbà náà ni ẹ fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná ọsibítù.

N kò gbàgbé ohun tí ẹ sọ níbẹ̀. Ẹ ní, "Akínbíyì, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọni di ọmọ ìyá. Bí tìrẹ bá wọ ara rẹ̀, àbúrò rẹ ló dà yẹn. Ṣé àbúrò rẹ ni wàá máa pè ní ìyàwó? Wá ẹlòmíràn." Ẹ ní bí mo bá ṣe é, ẹ kò ní í tẹ ilé mi mọ́, ẹ kò sì ní í wẹ ọmọ náà. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ẹ di ẹrù yín.

Ohun tí ó ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Èmi tí mo ń kọ́ Fọ́ọ̀mù Tirí nípa ẹ̀jẹ̀. Èmi tí mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa yàwòrán rẹ̀ sára pátákó, tí n óò ní omi ló ju ìdajì rẹ̀ lọ, pé àwọn horo pupa inú rẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn tí a mí sínú kiri ara, pé àwọn funfun ń bá àìsàn jà, àwọn kan tí ó tún kéré jù wọ́n lọ sì ń dí ojú ọgbẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, orí ìdúró ni n óò fi í sí. Dókítà wá bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ti ṣe tán?" Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀.

Sátidé yẹn, mo rìn. Mo lọ sí Onírèké lọ́dọ̀ Adéróunmú tí a jọ ń kọ́ni; ó ní ibà ń ṣe òun, bẹ́ẹ̀ àwo iyán ni mo bá níwájú rẹ̀. Mo lọ sí Baṣọ̀run lọ́dọ̀ alàgbà ìjọ wa kan. Àdúrà tí ó gbà fún mi gùn tó bẹ́ẹ̀ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ tí ó sì dá lórí ìkúnlẹ̀ mi. Mo dé Dùgbẹ̀, mo dúró, mo ń wo àwọn tí ń bọ́ láti inú rélùwéè, mo ń rò ó pé ta ni n bá bẹ̀ nínú wọn. N kò lè bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń wá káàkiri ìlú, tèmi sì ń lọ tó ń bọ̀ lára mi. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò mi ló wà.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Fọláwùmí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Ó ń mí bí ẹni tó sáré wọlé. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ rí ẹnì kan?" Mo ní n kò tíì rí. Kò bèèrè pé èmi ńkọ́. Ó kàn ní, "Ẹ lọ sílé, ẹ lọ jẹun, ojú yín ti jìn." Ìyá, ojú tì mí. Mo jáde, mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo lọ bá nọ́ọ̀sì.

Kò pẹ́ ju ìgbà tí èèyàn ń gẹ irun lọ. Ìgò kan péré ni. Wọ́n gbé e kọ́ sókè ibùsùn rẹ̀, ó ń kán tó, tó, mo sì ń kà á títí nọ́ọ̀sì fi lé mi lọ sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, mímí rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ní ebi ń pa òun. Mo sunkún níwájú àwọn aláìsàn.

Ẹ wá gbọ́ àlàyé mi. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi àmù tí ó ń dín bí a bá ti ń bù ú. Kànga ni. Mùdùnmúdùn inú egungun ló ń ṣe é, tọ̀sán-tòru, lára tèmi àti lára tirẹ̀. Horo pupa kì í sì lò ju oṣù mẹ́rin lọ kó tó kú. Èyí tí mo fún un, àlejò ni. Kí oṣù kejì ọdún tí ń bọ̀ tó parí, kò ní í ku ẹyọ kan, tirẹ̀ á ti rọ́pò gbogbo rẹ̀. Ẹ dárí jì mí pé mo ń bá yín sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi pé bí obìnrin bá ń tọ́mọ, ọkọ a máa yàgò títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú. Kí á tó dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́. Èèwọ̀ wo ló wá kù?

Ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Dókítà ní Fọláwùmí lè wá sílé lọ́jọ́bọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan, kò gbọdọ̀ dúró pẹ́. Lánàá ó dìde lójijì, òòyì gbé e, ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó gbá a mú. Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni ìsọmọlórúkọ. N kò mọ bí wọ́n ti ń wẹ ọmọ. Mo dán an wò, àwọn nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni Fọláwùmí nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Nítorí náà, bí àlàyé mi kò bá wọ̀ yín létí, n kò ní í bá yín jiyàn mọ́. Ẹ jẹ́ kó rí bí ẹ ti wí. Bí ẹ̀jẹ̀ mi bá ti sọ ọ́ di ọmọ ìyá mi, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bí i. Ọmọ yín obìnrin ló bímọ, Ìyá, kò sì lè dìde. Ta ni ẹ fẹ́ kó wá bá a wẹ ọmọ rẹ̀?

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jèrè ọmọ pẹ́, kí ó fún ẹsẹ̀ yín lágbára dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn ìyá ìjọ.

Èmi ni ọmọ yín tí ó ṣàìgbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
Akínbíyì.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sétí Fọláwùmí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó kí yín. Ó ní òun ń retí ìyá òun, ṣùgbọ́n òun kò ní í pè mí ní ẹ̀gbọ́n o. Dẹ́rẹ́bà tí ó mú lẹ́tà náà wá ń padà sí Ìbàdàn láàárọ̀ Ọjọ́bọ. Mo ti ní kó di ìjókòó iwájú mú fún yín.