Ìyá Ènì, Tí A Fi “Ẹ Má Jẹ Ẹ́” Tọ́jú

Ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni wọ́n ti bí ìyá wa lọ́dún 1951. Bàbá wọn ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyá wọn ń fọṣọ fáwọn ẹlòmíràn. Àwọn ni ọmọ kẹta nínú méje. Àwọn nìkan ni òbí wọn máa ń ní kí wọ́n pín oúnjẹ nílé, nítorí wọn kì í ṣe ojúsàájú.

Wọ́n jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1963. Wọn kò lè tẹ̀ síwájú, torí àwọn àbúrò ń bẹ lẹ́yìn. Lọ́dún 1973 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, káfíńtà, tó ṣáájú wọn lọ lọ́dún 2004. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí.

Lọ́dún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń dáná níbẹ̀, ìkòkò ńlá mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, fèrèsé kan ṣoṣo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá fi fa èéfín yẹn símú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún fèrèsé kejì. Aṣọ ìdáná tuntun ni àwọn aláṣẹ fún wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ wọ́n ní Ìyá Ènì, nítorí bí wọ́n bá bu tọmọ tán, ìgbakọ á tún padà sínú ìkòkò.

Nínú ìjọ, akọrin ni wọ́n. Lọ́dún 2014, wọn kò lè kọrin dé ìlà kejì mọ́. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, pé kò ní í san tán, ṣùgbọ́n èèyàn lè bá a gbé pẹ́. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń fín sọ́nà ọ̀fun. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni kí Ìyá máa jẹ. Àwa ọmọ rò pé a mọ̀.

Ẹ má retí kí a kọ ọ́ síbí pé “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́”. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà fẹ́ bẹ́ẹ̀, a kọ̀. Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ránpẹ́, inú sì ń bí wa.

A lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná Ìyá, a kọ “Ẹ MÁ JẸ” sókè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá gbọ́ nǹkan níbi iṣẹ́ tàbí lórí fóònù á wá kọ tirẹ̀ kún un. Nígbà tí bébà kún, ohun tó ṣẹ́ kù fún Ìyá ni tíì, bùrẹ́dì àti omi ọbẹ̀. Aṣọ ń yọ́ bọ́ léjìká wọn. Àwọn aládùúgbò ń kí wa: “Ìyá yín mà ti fúyẹ́ o! Ẹ kú ìtọ́jú.” A sì ń dúpẹ́. Láti kílò méjìdínláàádọ́rin, Ìyá dé mọ́kànlélógójì.

Lóṣù kejì ọdún 2022, ní ilé ìwòsàn mìíràn, obìnrin kan tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn fi téèpù wọn apá Ìyá. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ta ló ń febi pa ìyá yìí?”

Ìyá ló dáhùn, tí èémí ń já wọn lẹ́nu: “Wọn ò febi pa mí o, ọmọ mi. Wọ́n fẹ́ràn mi ni.”

Obìnrin náà ṣàlàyé pé mímí nìkan ti di iṣẹ́ agbára fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́, oúnjẹ ló sì ń gbé iṣẹ́ náà. Bí oúnjẹ bá dín, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan ara rẹ̀, títí kan èyí tó fi ń mí. Ó ní kí Ìyá máa sinmi kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́: ẹyin, ẹran, ẹ̀wà, mílíìkì, ẹ̀pà lílọ̀, òróró lórí ọbẹ̀. Àfi bí ẹni pé bébà ara ilẹ̀kùn wa ló ń kà.

A ya bébà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ìyá fi kílò méjì lé e. Lẹ́yìn náà ni òtútù wọ̀ wọ́n láyà, ara kò sì ní ohun tó máa fi jà. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ni wọ́n dákẹ́. Nígbà tí a ń kó yàrá wọn, a rí agolo mílíìkì onílẹ́búlẹ́bú kan àti ṣíbí tí wọ́n fi gèlè wé sínú dúróọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tó ń bọ́ ọ̀ọ́dúnrún ọmọ lójúmọ́ ló ń jí mílíìkì lá nínú ilé ara rẹ̀!

Àwọn tó gbẹ̀yìn Ìyá nìyí: àkọ́bí, olùkọ́, tó fòfin de mílíìkì nítorí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èkejì, aránṣọ, tó ní ẹyin àti ẹran kò yẹ àgbàlagbà, ẹ̀kẹta, awakọ̀, tó kó ẹ̀pà, ẹ̀wà àti òróró kúrò nílé nítorí ikọ́, àti àbíkẹ́yìn, tó ń bá Ìyá gbé, tó kọ ìtàn yìí, tó ń ti ilé ìdáná pa láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí oúnjẹ má baà tẹ̀ wọ́n láyà. Ọmọ ọmọ mẹ́sàn-án ló kù pẹ̀lú. Àwọn yẹn kò fòfin de nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn, bí ẹ bá ní ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nílé, ẹ wo apá rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kí i pé ó fúyẹ́.

Ìyá Ènì, ibí ló yẹ kí a ti sọ fún yín pé ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. A ò ní í sọ ọ́. “Ẹ má jẹ” tí a sọ fún yín láyé ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n bá bù fún yín lọ́hùn-ún, ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ sì na abọ́ padà fún ènì. Ẹ sùn re o.