Orúkọ Ìyá Wa Ni Mo Kọ Ṣáájú

Ẹ kú ilé o, Ìyá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo tó tọ́ mi bí ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Joju ní Ṣàngó níbí. Bí àyà mi kò bá kanlẹ̀ tán, ikùn ló fà á, kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ bá mi kí Bàbá Ràfíù, ẹ béèrè bí orúnkún wọn ṣe ń ṣe sí. Ẹ kí ìyàwó Ràfíù, kí ẹ sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ àgbà ṣì ní eyín tó tó jẹ ẹran, kó má pín tèmi fún ẹnikẹ́ni.

Mo ṣì wà ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe garawa oníke, èmi ni mò ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ wọn. Òjò ọdún yìí kò mọ àánú. Ọ̀nà ilé mi ti di odò, bàtà ni mo máa ń gbé sórí kí n tó lè débi iṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú ló nira jù. Ẹ̀rọ á dákẹ́, kò ní sí ẹni tí n ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, n ó wá máa bú ara mi nínú dígí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà o. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ̀fẹ̀ ni n ó fi bò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́, tí mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní aláwàdà kà á. Ohùn ìyá wa tí ẹ ti ń béèrè láti ìgbà tí wọ́n ti kú, tí mò ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ kó lọ, irọ́ ni mò ń pa fún yín. Ohùn náà ti parẹ́. Ọwọ́ mi yìí ló pa á rẹ́.

Ẹ rántí pé fóònù mi ni mo fi gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, mo sì gba tiyín, tèmi àti ti àwọn ọmọ mọ́ ọn. Nígbà tí fóònù náà ń kú lọ, Ìyá Dára, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa, bá mi kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà sítọ́ọ̀, ó sì fi orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan pe fáìlì ohùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà kún. Ó wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di fáìlì ní ẹrù kan, tí wọ́n á sì fún un pọ̀ kó lè kéré. Kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀ níbẹ̀ o. Ojú dúdú kan báyìí ni, ọ̀rọ̀ lèèyàn ń kọ sí i bí ẹni ń pàṣẹ. Ẹ ó kọ tar, ẹ ó kọ lẹ́tà mẹ́ta tẹ̀ lé e: c pé kó di ẹrù tuntun, z pé kó fún un pọ̀, f pé orúkọ tó bá kàn ni orúkọ ẹrù. Ìgbà yẹn ni ẹ ó tó wá ka àwọn tó ń wọ inú rẹ̀.

Ó kọ ọ́ sára páálí fún mi. Mo ní ta ló kọ́ ọ níwà, pé kí ẹrù ṣáájú ìyá mi? Ó ní Bàbá, ẹ̀rọ kò mọ àgbà. Mo ní ẹ̀rọ ẹ̀yin ará Ọ̀tà ni kò mọ àgbà, bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwa, á kúnlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n ṣáà má fọwọ́ kàn án bí òun kò bá sí ńbẹ̀.

Ó jáde lọ jẹun ọ̀sán. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo kọ tar àti lẹ́tà mẹ́ta rẹ̀, mo wá kọ orúkọ ìyá wa ṣáájú, bí a ṣe ń to èèyàn nílé wa. Mo kọ orúkọ ẹrù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ẹ̀yin, èmi, àwọn ọmọ, bí a ṣe jura wa lọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ fèsì pé òun kò rí ohun tó ń jẹ́ ẹrù. Mo ní kó lọ ra jígí ojú.

Nígbà tí Ìyá Dára dé, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ gbà ní orúkọ ẹrù, ó ti nu ohùn tó wà nínú fáìlì ìyá wa dànù, ó sì ti di àwa yòókù síbẹ̀. Ó tú u, ó jẹ́ kí n gbọ́. Ohùn yín wà ńbẹ̀, ohùn mi wà ńbẹ̀, ti Ràfíù pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ wà ńbẹ̀. Orúkọ ìyá wa ló wà lára ẹrù, ohùn tiwọn nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Fóònù sì ti kú tipẹ́. Ìyá Dára pe ẹni tó mọṣẹ́ jù ú lọ; ìyẹn wá a fún ọjọ́ méjì, ó ní kò sí mọ́. Obìnrin náà kò bá mi jà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí n kò fi fi ohùn náà ránṣẹ́ sí yín nígbà tó ṣì wà. Ìtìjú ni. Ẹ̀yin ni ìyá wa ń bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí ẹ foríji àwọn. Wọ́n ní àwọn mú yín kúrò níléèwé ní ìwé kẹrin kí ẹ lè máa pọ̀n mí, kí èmi ọkùnrin lè kàwé bí mo bá dàgbà. Wọ́n ní ẹ̀yin ni ọpọlọ yín jí jù nínú àwa méjèèjì, àwọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n pè yín ní Àṣàkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní àwọn kò lè sọ ọ́ lójú yín. Èmi tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìwé kẹfà ni mo dé tí mo fi ń sá lọ wo bọ́ọ̀lù. Báwo ni n bá ṣe jókòó tì yín kí ẹ máa gbọ́ ọ?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń pín ọ̀rọ̀ mi sí méjì kí ẹ tó gba ìdajì gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ràfíù, ẹ gba èyí ní odindi. N kò fi iyọ̀ sí i. Ìyá wa bẹ̀ yín. Èmi náà ń bẹ̀ yín.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí ẹ má ṣe fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ kí gbogbo ará ilé, àgbà àti èwe, ẹ kí àwọn tó bá ń bínú sí mi náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Làmídì.